Wáyà Kọkànlá

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹsàn-án 2024, Pobè

Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí iná lọ fún odindi wákàtí mẹ́sàn-án, ni ilé ìgbẹ̀bí wa ní Sakété ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Táńtì Sàrátù, agbẹ̀bí wa níbẹ̀, pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ mi tán. "Aurore, ẹ̀rọ yín ti sùn o! Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mò ń bọ́ bàtà, mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, ojú ìwé ò tíì ṣí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fẹnu fẹ́ ẹ ni?"

Mo pe sẹ́fà, ẹ̀rọ ńlá tó ń tọ́jú gbogbo ìwé wa, láti orí kọ̀ǹpútà mi kí n mọ bí yóò ṣe yára jẹ́ mi tó. Mílísẹ́kọ́ǹdì méjì; ẹgbẹ̀rún kan wọn ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tún pè é, ogójì. Mo tún pè é, ẹgbẹ̀rún méjì. Ìgbà kẹrin kò jẹ́ rárá. Ìgbà karùn-ún, ó padà sí méjì. Àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Zacharie, ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ, ì bá ti bú sẹ́rìn-ín. Á ní, "Fa àga, jókòó, kó o tó bẹ̀rẹ̀ ìjáyà." Ó ti pé oṣù méjì tó ti kú. Èmi nìkan ló kù nínú búrò yìí, èmi àti fáànù tó ń ké.

Ọjọ́bọ̀, 19

Òjò láti àárọ̀. Àrá sán gan-an lọ́jọ́ tí iná lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé áńtẹ́nà tó kọjú sí Sakété ni àrá ṣe léṣe. Nígbà tí òjò dá díẹ̀, mo gun òpó. Dókítà Valentin, ọ̀gá ilé ìwòsàn wa, dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo pé kí n má ṣubú, bíi pé ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ gùn ún. Mo di gbogbo ohun tó tú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pe sẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, mo bú u tán, n kò sì fi gbogbo èébú náà sínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Mo lọ pe sẹ́fà láti inú lábò, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀; wáyà tó wà láàárín òun àti àwa níbẹ̀ ò ju mítà mẹ́fà lọ. Ó falẹ̀ níbẹ̀ náà. Kì í ṣe áńtẹ́nà nìyẹn. Mo kàn lọ gun òpó lásán ni.

Ọjọ́ Ajé, 23

Dókítà pè mí sí búrò rẹ̀. "Aurore, kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí? Sọ ọ́ fún mi bí ìgbà tó o bá ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ ní Issaba."

Mo ní, "Ọ̀gá, sẹ́fà kan ṣoṣo la ní, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Zacharie pín inú rẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹ̀rọ mẹ́rin nínú ẹ̀rọ kan. Ìkọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ni ilé. Ọ̀kan nínú wọn ló ń gba ìwé ẹ̀jẹ̀, èyí tí Sakété fi ń béèrè ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi í han lábò. Òun ló ń falẹ̀. Ó lè jẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù ló ń du agbára mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Obìnrin tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ní Sakété, ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ tí a ó fi sí i lára wà. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló fòfin dè é: láti ọdún tó kọjá tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fún aboyún kan ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì torí ọ̀rọ̀ orí fóònù, lábò ò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìwé rẹ̀ ti yọ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Òfin gidi ni. N ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin náà ti gbé gbogbo Sakété lé mi lórí báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Mo ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi: bí o kò bá mọ ẹni tó ń dà ọ́ láàmú, máa lé wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà mẹ́rìndínlógún ló pàdé sínú àpótí tó wà lára ògiri mi. Mo fa ọ̀kan yọ, mo pe sẹ́fà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dá a padà, mo bọ́ sórí èkejì. Mo fọwọ́ kan ìkọkànlá, mo fò ó, ti yàrá tí Ẹ̀gbọ́n ti máa ń dá ṣiṣẹ́ níbí ni. Wọn ò tíì ṣe òkú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tó kú ni àwọn ará ilé rẹ̀ wá láti Yoko, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí gbogbo nǹkan wà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀ títí ìnáwó á fi kọjá lópin oṣù kẹwàá. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì tàn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má pa á. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi wá máa fa nǹkan rẹ̀ yọ?

Gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọwọ́ mi dúdú fún eruku, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

Ọjọ́ Ajé, 30

Líta páyò kan, epo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin fránkì. Onísémìjàn tó fi alùpùpù gbé mi wá síbi iṣẹ́ bú ìjọba láti ẹnu ọ̀nà ilé mi títí dé ilé ìwòsàn. Mo bá a ṣe àmín.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹwàá

Ẹ gbọ́ mi o! Mo pa ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú fọ́tò egungun, mo sì fi agbára rẹ̀ kún ti ìwé ẹ̀jẹ̀. Láti aago méje sí aago kan, kò kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta. Táńtì Sàrátù pè láti fi mí rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, ta ló fún ẹ̀rọ yín ní ògì mu?" Mo ra àkàrà fún gbogbo lábò. Mo jó díẹ̀ nínú búrò, fáànù nìkan ló rí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Ó ti padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. N ò lè sọ fún àwọn tó jẹ àkàrà mi.

Ohun tó tún ń tojú sú mi ni pé Sàrátù ní ìwé òun lọ, ẹ̀rọ sì sọ fún òun pé ó ti dé, lábò ní àwọn ò rí nǹkan kan. Tó bá tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń dé. Ìgbà míì ó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má máa tún un kọ kíákíá, torí bí méjèèjì bá dé pa pọ̀, lábò á rò pé ènìyàn méjì ni. Mo ní kó máa ní sùúrù, pé rẹ́sò tó so ẹ̀rọ wa pọ̀ ló ń fà, ìwé náà wà lójú ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 9

Kí n kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé bó ṣe rí.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni Sàrátù pè. Kò kí mi. "Obìnrin kan bímọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ti kọ ìwé. Ṣé wọ́n ti rí i?" Mo sáré wọ lábò. Wọn ò rí i. Mo sọ fún un pé wọn ò tíì rí i. Ó ní, "Kí n tún un kọ?" Mo ní, "Ẹ dúró, Táńtì, rẹ́sò ló ń fà, ó ń bọ̀."

Ẹ dúró. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ó dúró ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó tún un kọ, kò dé. Dókítà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ikùn ènìyàn wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, ta ni yóò pè é jáde? Àwọn ará lábò ti gbé ẹ̀jẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà, èmi náà ń wò ó, kò sí ẹni tó láyà láti fọwọ́ kan àpò náà. Sàrátù ò pariwo mọ́. Ó kàn ń mí lórí fóònù. Ìgbà tí Dókítà jáde, ó ti di ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì tí Sàrátù ti pè. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé, ó sì bú gbogbo wa. Ọkọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ nínú òjò.

Ọkọ̀ náà ti gbé obìnrin náà wá síbí báyìí. Ó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ó yè. Zouleiha lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dé, kò sí ọ̀nà míì tí Dókítà lè gbà dá a dúró, ó yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó bí wà láàyè, obìnrin ni.

Mo bá ọkọ rẹ̀, Djamiou, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń ta gàrí ní ọjà Sakété, ìyẹ̀fun ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó rí káàdì iṣẹ́ lọ́rùn mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màdáàmù. Ẹ ṣeun. Gbogbo yín lẹ gbà á là." Mo ní kó dìde. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún níbẹ̀ títí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 14

Oúnjẹ ò lọ. Ìyá mi fóònù láti Issaba pé àgbàdo ti gbẹ, pé kí n wá bá àwọn ká a lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní n kò ráyè. Ó ní ohùn mi ò dùn mọ́ òun. Mo ní òtútù ni.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo fẹ́ da gbogbo ẹ̀rọ ìwé ẹ̀jẹ̀ nù kí n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù tí n ò tíì ṣe nìyẹn. Aago mẹ́wàá àárọ̀, mo sọ fún Sakété pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan fún wákàtí kan, mo sì pa á. Mo rí i tó kú lójú mi. Mo tún pè é, bí èèyàn ṣe máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tó ti tì láti mọ̀ bóyá ó tì.

Ó jẹ́.

Mílísẹ́kọ́ǹdì kan péré. Mo tún pè é, ó tún jẹ́, kan, kan, kan, kò falẹ̀ rárá. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo wo sẹ́fà, ẹ̀rọ náà ti kú. Mo pè, ó jẹ́. Mo pariwo "Jésù!" tí ẹnì kan láti lábò fi yọjú.

Mo bi àpótí ara ògiri léèrè ihò wo ni ohùn yẹn ti ń wá. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà mi: mọ́kànlá.

Mo fa àga, mo jókòó. Oṣù kẹfà ni, kí òjò tó le, Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ dán nǹkan tuntun wò lára ẹ̀rọ ìwé ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ba ti gidi jẹ́. A jọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Orúkọ kan náà, àdírẹ́sì kan náà, gbogbo rẹ̀ ò yàtọ̀. Ó ní òun á yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà tí òun bá fẹ́ lò ó, ó sì pa ẹ̀dà náà síbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí mo ní kí wọ́n má pa wà bẹ́ẹ̀, bátìrì ń gbà á sílẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá lọ, kò sí ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, títí iná fi lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, tí bátìrì náà fi tán. Iná dé, kọ̀ǹpútà jí fúnra rẹ̀, ẹ̀dà tó wà nínú rẹ̀ jí pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ méjì ti ń dá Sakété lóhùn sí orúkọ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Mo wọ inú ẹ̀dà náà láti orí kọ̀ǹpútà mi. Ìwé ẹ̀jẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ tí lábò ò fojú rí rí. Èyí tó ṣìkẹrìnlá: Zouleiha, Sakété, 9 oṣù kẹwàá, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ìkarùndínlógún: òun náà ni. Ìwé rẹ̀ ò falẹ̀ rárá. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi dé, méjèèjì, ṣùgbọ́n inú yàrá tó tì ni wọ́n dé sí.

N ò nílò kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu wáyà náà, mo fà á yọ. Mo tan ẹ̀rọ gidi, mo pè é ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó kọjá méjì.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ọwọ́ mi wà lórí wáyà yẹn. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí Zouleiha tó bímọ. Mo fò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dókítà, n kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Kó wà bẹ́ẹ̀. Rẹ́sò ló fà á. Gbogbo ayé ló mọ rẹ́sò." Ó rí ojú mi. "Aurore, èmi náà ni mo ṣe òfin tó ní kí wọ́n má fún un. Ṣé o rò pé mò ń sùn?"

Ó ti yí òfin rẹ̀ padà láàárọ̀ yìí: tí ìwé bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí agbẹ̀bí àti lábò ka orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ fún ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù, kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ. Ìlà mẹ́ta péré ni òfin náà.

Ọjọ́ Àìkú, 20

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26, Yoko

Wọ́n ti ṣe òkú Ẹ̀gbọ́n Zacharie. Èrò pọ̀, oòrùn mú. Ìyàwó rẹ̀, Eugénie, fà mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. "O ṣeun tó o bá wa pa yàrá rẹ̀ mọ́."

N kò lè gbà á. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ ohun tó wà nínú yàrá náà fún un. Ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo rò pé yóò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

"Ta ló ní kí o má bi wá léèrè?" ló sọ. "Aurore, a ní kí wọ́n má kó ẹrù rẹ̀. Ìwé rẹ̀, aago rẹ̀, bàtà rẹ̀. Torí àwọn ẹbí tó lójú kòkòrò ni. Ká ní o fóònù mi pé obìnrin kan lè kú ni, ǹ bá gun sémìjàn wá, ǹ bá fọwọ́ ara mi ṣí i. Zacharie fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ì bá fi ta ilẹ̀kùn yẹn."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó dá mi dúró. Èmi ni mo dá ara mi dúró, tí mo sì ń pè é ní ọ̀wọ̀.

Ọjọ́rú, 30

Ọjọ́ kẹtàlá, kò kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì méjì. Dókítà yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú tì mí débi pé mo wo ilẹ̀ títí wọ́n fi dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kọkànlá, Sakété

Mo lọ. N ò sọ fún Dókítà. Táńtì Sàrátù ló júwe ilé náà fún mi, lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ń yan gàrí. Kò bi mí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, ó kàn ní, "Má pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tíì lágbára."

Zouleiha jókòó lórí ẹní, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ti rù. Ó rò pé ilé ìwòsàn ló rán mi láti wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó ti ń ká aṣọ sókè. Mo ní rárá, mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti Pobè tú ká lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ ṣákálá: pé ìwé rẹ̀ yára dé, pé ẹ̀rọ òkú kan ló gbà á, pé mo lè mú un kúrò ní ọjọ́ méjìlá ṣáájú, pé mo fọwọ́ kàn án, mo sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé wáyà yẹn wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò fà á yọ."

"N ò fà á yọ."

"Torí ẹni tó ti kú."

"Torí rẹ̀ ni."

Ó gbé ọmọ bọ́ sí ọmú kejì. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ ò tiẹ̀ jí. "Ìyá ọkọ mi wá lánàá," ló sọ. "Ó ní kí Djamiou wá ẹlòmíì fẹ́, pé ọmọ kan ò tó. Djamiou ní kó má sọ ọ́ mọ́. Ó máa tún un sọ. Èmi náà mọ̀ pé ó máa tún un sọ." Ó wá wò mí lójú. "Ẹni yẹn ti kú ná, Àǹtí. Kí ló tún lè ṣẹlẹ̀ sí i? Èmi ni nǹkan ṣì lè ṣẹlẹ̀ sí."

Mo tọrọ àforíjì. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun ò dárí jì mí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú. Ní ìta, alùpùpù kan dúró, mo gbọ́ bí Djamiou ṣe ń sọ àpò gàrí kalẹ̀. Ó rí bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Zouleiha, ta lo gbà lálejò?"

"Ará Pobè kan ni," ló dá a lóhùn. "Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ wọn ti ń yára báyìí."